Adùn Inú Oṣù Ọ̀wàrà

Òjò kan wà tí kì í kìlọ̀ púpọ̀. Ojú ọ̀run a mọ́ kedere títí di ìyálẹ̀ta, oòrùn a máa ràn bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Àfi bí ojú ọjọ́ bá ṣàdéédéé ṣú láti apá ìlà oòrùn, tí atẹ́gùn tútù kan fẹ́ kọjá, tí òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà wàràwàrà. Kí ẹni tí ó sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó nu ojú rẹ̀ tán, òjò ti dá, oòrùn ti yọ padà. Irú òjò bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní ọ̀wàrà, òun náà ni wọ́n sì fi sọ oṣù kẹwàá ọdún lórúkọ.

Nínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé, Ọ̀wàrà wà láàrin Ọwẹ́wẹ̀ àti Bélú. Àwọn ọmọ a máa kọ ọ́ sórí láti Ṣẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀pẹ, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ìlú tí kò dé rí. Oṣù tí ó ń lé lójú ọ̀run ni àwọn baba ńlá fi ń ka oṣù, ọjọ́ rẹ̀ kì í sì í ju 29 tàbí 30 lọ. Nítorí náà Ọ̀wàrà ti àtijọ́ kò lè bá ti inú kàlẹ́ńdà dọ́gba lọ́jọ́ sí ọjọ́. Kò tilẹ̀ sí kàlẹ́ńdà lára ògiri nígbà náà. Ohun tí imú gbọ́, tí etí gbọ́, tí ọwọ́ kàn, tí ahọ́n sì tọ́ wò ni ó ń sọ fún wọn pé ìgbà ti yí padà.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Etí ni à ń fi gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n imú náà a máa gbọ́, nítorí à ń gbọ́ òórùn. Ẹni tí èdè kan bá sì yé, a ní ó gbọ́ èdè náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo yìí ni ó so etí, imú àti òye pọ̀. Èyí tí ó tún jinlẹ̀ jù ú lọ ni “wò”. Ojú ni ó ni iṣẹ́ wíwò, síbẹ̀ Yorùbá yá gbogbo ẹ̀yà ara yòókù ní ọ̀rọ̀ náà. Bí ìyàwó ilé bá kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tí ó sì lá a, ó ń tọ́ ọ wò. Bí alájàpá bá fi ọwọ́ gbé ẹrù kí ó tó dá owó lé e, ó ń gbé e wò. À ń jẹ ẹ́ wò, à ń mu ún wò, à ń gbọ́ ọ wò, à ń fọwọ́ kàn án wò. Nínú gbogbo rẹ̀, ìgbádùn kò yà kúrò lára ìdánwò, nítorí ìdánwò gan-an, dídán nǹkan wò ni. Ẹni tí ó tọ́ ọbẹ̀ wò ti jẹ adùn rẹ̀, ó sì ti ṣe ìdájọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Adùn inú Ọ̀wàrà, irú èyí ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ọsàn ni ẹ̀rí tí ó sún mọ́ tòsí jù lọ. Ní oṣù yìí, ọsàn ti ń wọ ọjà, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé. Àlejò tí ó bá ti ilẹ̀ òtútù wá a rò pé kò tíì pọ́n. Àṣìṣe ni. Òtútù òru ni ó ń pa èèpo ọsàn dà ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún. Níbi tí òru bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, inú ọsàn lè dùn tán kí èèpo rẹ̀ tó yí padà. Nítorí náà ojú kò wúlò tó níbẹ̀. Ìyá ọlọ́sàn a gbé ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, a gbé ọ̀kan sí ti òsì, a gbé wọn wò, a sì sọ èyí tí ó fúyẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tí ó wúwo ni omi wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti ń fi abẹ bó o, èèpo a máa jáde ní ìlà gígùn kan bí ọ̀já, omi èèpo a ta sí ẹni lójú, òórùn rẹ̀ a sì gba gbogbo ìdí àtẹ. Nígbà tí ó bá gé orí ọsàn náà tí ó nà án sí oníbàárà, ta ni yóò tún béèrè bóyá ó pọ́n?

Ọ̀rọ̀ iṣu gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣu tuntun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wà ní nǹkan bí oṣù Agẹmọ tàbí Ògún, lẹ́yìn tí àwọn ìlú tí ó ní ọdún ìjẹṣu bá ti ṣe ti wọn, a máa wu ojú, ṣùgbọ́n omi pọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gún un, a rọ̀ jù, tàbí kí ó ní kókó. Nígbà tí Ọ̀wàrà yóò fi dé, iṣu ti gbó, omi inú rẹ̀ ti dínkù, iyán sì ti di iyán. Ní Èkìtì àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹni tí ó jókòó sí yàrá, tí kò rí odó sójú, lè sọ ibi tí iyán dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìró rẹ̀ a máa dún gbì, gbì, bí ọmọ odó ti ń fọ́ iṣu. Nígbà tí ó bá yá, iṣu a bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ìró a rẹlẹ̀, iyán a sì máa di ọmọ odó mú díẹ̀ kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ń ṣeré lójúde mọ ìgbà tí ìró yẹn bá yí padà. Wọn kì í dúró de ìpè kí wọ́n tó lọ fọ ọwọ́. Àwọn àgbà ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn. Ó jọ pé nǹkan bí oṣù yìí ni ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ jẹun yó. Ẹ̀rọ ìgúnyán ti dé báyìí, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́wọ́ làálàá; kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kábàámọ̀ ìyẹn. Kìkì pé ìró kan náà ni ẹ̀rọ ń pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn ọmọ sì ti ní láti dúró de ìpè.

Àwọn adùn mìíràn wà tí kò gba àyè púpọ̀: olú tí ó ṣàdéédéé hù lórí ọ̀gán lẹ́yìn òjò òru, tí ẹni tí ó kọ́kọ́ jí ni ó ni ín, ìgbín tí àwọn ọmọ ń fi iná wá kiri kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú un dé ara rẹ̀ mọ́ inú ìkarahun.

Ṣùgbọ́n ibi tí Ọ̀wàrà ti ní agbára jù lọ ni oko kòkó, láti Ifẹ̀ dé Ìdànrè, láti Iléṣà dé Oǹdó. Àwọn kan a máa sọ pé kòkó kì í ṣe ohun àṣà, nítorí pé ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àríyànjiyàn lásán ni. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní àlejò mọ́, òkè òkun ni àwọn náà ti wá. Ohun tí ó bá ti ń kọ́ ọwọ́ àti imú àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ baba dé ọ̀dọ̀ ọmọ, tí ọmọ náà sì fi kọ́ ọmọ tirẹ̀, ó ti di àṣà.

Láti Ọwẹ́wẹ̀ dé Ọ̀pẹ ni ìkórè ńlá kòkó, Ọ̀wàrà sì bọ́ sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ oko ní òwúrọ̀ ìgbà yìí, kí ìrì tó gbẹ, yóò rí èso tí ó pọ́n, tí ó ń tàn lára igi bí àtùpà lábẹ́ òjìji tí ó ṣókùnkùn. Àgbẹ̀ a fi gọ̀ngọ̀ já ti òkè, a fi àdá gé ti ìsàlẹ̀. Èyí tí ó bá pọ́n jù, bí ó bá mì ín sẹ́bàá etí, a gbọ́ tí kóró ń lù kiri nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń fọ́ kòkó, ọjọ́ ọdún ni fún àwọn ọmọdé. Àwọn àgbà a jókòó yí òkìtì ká, wọn a la èso, wọn a fi ìka kó kóró inú rẹ̀ sínú agbọ̀n. Àwọn ọmọ a rọ̀gbà yí wọn ká, wọn a máa fa ara funfun tí ó bo kóró náà mu. Ó dùn, ó sì kan díẹ̀, ó tutù lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni kì í lé wọn, bí wọn kò bá ṣáà ti gé kóró jẹ, nítorí ó korò, owó sì ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nídìí kòkó ni kò tọ́ ṣokoléètì wò títí wọ́n fi di géńdé. Ara funfun yìí ni adùn kòkó tí wọ́n mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ imú bẹ̀rẹ̀. Wọn a tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, wọn a da kóró tútù lé e lórí, wọn a tún fi ewé bò ó. Ọjọ́ 5 tàbí 6 ni yóò lò níbẹ̀, tí wọn yóò máa yí i láàrin ìgbà náà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, òórùn èso tútù ni. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń rùn bí ẹmu tí ó sùn mọ́jú. Lẹ́yìn náà ni òórùn kíkan yóò dé, tí yóò máa gún imú, ooru a sì mú nínú òkìtì náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kì í lè pẹ́ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n: ooru náà a máa tó ìwọ̀n 45 sí 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, àwọn tí ń sọ adùn di ọtí a ṣáájú, àwọn tí ń sọ ọtí di kíkan a tẹ̀lé wọn. Àgbẹ̀ tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí mọ ìgbà tí àwọn tìṣáájú fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tẹ̀yìn, nítorí ó gbọ́ òórùn. Bí ó bá jẹ́ kí ó pẹ́ jù, òórùn ohun tí ó jẹrà ni yóò kí i káàárọ̀. Bí ó bá sì kánjú kó o jáde, inú kóró yóò rí bí síléètì, kò sì ní ní òórùn tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ra kòkó rárá.

Òórùn yìí kò dùn mọ́ àlejò. A máa fi aṣọ bo imú bí ọkọ̀ bá ti ń gba abúlé kòkó kọjá. Ṣùgbọ́n ọmọ ibẹ̀ tí ó ti ìlú ńlá ń bọ̀, kí ó tó rí òrùlé kan ṣoṣo, a ti gbọ́ òórùn náà nínú ọkọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹrù rẹ̀ jọ.

Sísá ni ó kù, ibẹ̀ gan-an ni Ọ̀wàrà ti ń bá àgbẹ̀ jà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni kòkó fi ń gba oòrùn. Ní oṣù tí òjò ń já lu ènìyàn lójijì, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn a tẹ́ ẹní sórí pẹpẹ, tàbí kí wọ́n sá a sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, wọn a sì máa fi ẹsẹ̀ tàbí igi pẹlẹbẹ tú u ká láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹni tí ó bá sùn lọ́sàn-án ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sùn wọra. Òjò inú igbó kì í dé kí ìró rẹ̀ má ṣáájú rẹ̀. A kọ́kọ́ máa hó lókèèrè lórí ewé, bí ọjà tí ó kún, a sì máa ti orí igi kan bọ́ sórí òmíràn títí yóò fi sún mọ́ tòsí. Láàrin ìgbà tí etí bá gbọ́ híhó yìí àti ìgbà tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá já sílẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni. Nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni gbogbo ilé yóò tú jáde. Bàbá a ká ẹní kan, ìyá a ká òmíràn, ọmọ tí ń kàwé a ju ìwé sílẹ̀, àlejò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi fún a gbé ife kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í retí pé kí wọ́n bẹ òun. Kódà, ẹni tí ó ti ń bá onílé yodì, bí ó bá ń kọjá lọ, a yà, a bá wọn ká ẹní, a sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ láìkí ẹnì kan. Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ní abúlé kòkó, ọ̀tá ẹni náà kì í fẹ́ kí eji rí kòkó ẹni.

Nígbà tí wọ́n bá ti kó kòkó wọlé tán ni ìgbádùn tó dé. Òjò a máa lu páànù tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í gbọ́. Wọn a máa fi ọwọ́ júwe, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Òórùn ilẹ̀ tí ó mumi a gòkè, a pàdé òórùn èéfín igi láti ilé ìdáná. Ẹnì kan a yọ iṣu jáde nínú ẹ̀ṣẹ́ná, a fi ọ̀bẹ ha dúdú ara rẹ̀ dànù, wọn a gbé epo pupa tí wọ́n ta iyọ̀ sí wá. Kò sí ẹni tí ó jẹ irú iṣu bẹ́ẹ̀ tí ó gbàgbé rẹ̀. (Ọ̀rọ̀ yìí ní ìhà kejì o. Ẹni tí omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980 bá ṣe ojú rẹ̀ ní Ìbàdàn kò ní bá ẹnikẹ́ni yin híhó òjò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá a jiyàn.)

Báwo ni àgbẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé kòkó ti gbẹ? A bu ẹ̀kúnwọ́ kan, a fún un pọ̀ sẹ́bàá etí. Bí ó bá dákẹ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ń dún bí ewé gbígbẹ tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tó kó sínú àpò. Ìró kékeré yìí ni ìró tí ó dùn jù lọ nínú gbogbo oṣù náà, orin tàbí ìlù kò tó o. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí omi inú kòkó bá ju 8 nínú 100 lọ, yóò bu nínú àpò. Nígbà tí ó bá sì dé iwájú òǹyẹ̀wò, ọ̀bẹ ni wọn yóò fi la kóró rẹ̀, 300 ni òṣùwọ̀n àgbáyé ní kí wọ́n là. Bí èyí tí ó bu nínú wọn bá ju 3 nínú 100 lọ, kò lè wà ní ipò kìn-ín-ní mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èyí tí inú rẹ̀ rí bí síléètì. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko wà nínú ohun tí imú gbọ́ ní ọjọ́ karùn-ún àti ohun tí etí gbọ́ ní ọjọ́ kíkó sápò.

Nítorí náà, ẹ̀kúnwọ́ kòkó tí àgbẹ̀ ń gbọ́ wò yẹn, owó ilé-ìwé ọmọ ni. Ní Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, ó tilẹ̀ kọjá ti ọmọ kan. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, owó kòkó wà lára òpó tí ó gbé e ró. Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn, ní ọdún 1965 kò sì jẹ́ orúkọ náà lásán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi kálámù jẹun lónìí, etí bàbá kan ní oṣù Ọ̀wàrà ni ó rán wọn ní ilé-ìwé.

Nǹkan ti yí padà díẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ fagi lé àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ra ohun ọ̀gbìn ní ọdún 1986, àwọn òǹrà pọ̀, ìkánjú wọn pọ̀, àwọn mìíràn sì ń ra èyí tí kò gbẹ tán. Ẹni tí ó bá gba abúlé kọjá ní oṣù yìí yóò rí kòkó tí wọ́n sá sí etí títì ọlọ́dà. Ọ̀dà ń gbóná, kòkó a máa tètè gbẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín ọkọ̀ ń wọ inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi iná igi yan nígbà tí oòrùn kọ̀ a máa gba òórùn èéfín, òórùn náà kì í sì í kúrò títí dé inú ṣokoléètì. Imú àgbẹ̀ kò ṣàìgbọ́ ọ; owó tí ó ń wá kánkán ni kò jẹ́ kí ó dúró. Ohun-èlò kékeré kan sì wà tí wọ́n ń tì bọ inú kòkó, tí ó ń sọ iye omi tí ó wà níbẹ̀. Ó dára. Àgbàlagbà tí ó mọ iṣẹ́ a wo nọ́ńbà rẹ̀, a dúpẹ́, a sì tún bu ẹ̀kúnwọ́ tirẹ̀ fún sétí.

Ní ìgboro, adùn oṣù náà kò tíì tán. Òjò òwúrọ̀ a máa jẹ́ kí àkàrà tà. Ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ewé eéran ṣì ní òórùn tí ó ju ti ẹ̀kọ lásán lọ. Mọ́ínmọ́ín inú agolo àti ti inú ọ̀rá dára lójú, ó rọrùn, ó sì mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ahọ́n nìkan ni ó ń jẹ ẹ́, kò kan imú. Àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ oṣù lè gbé ọsàn méjì wọ kíláàsì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé wọn wò kí ó tó kọ “Ọ̀wàrà” sínú ìwé rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí oṣù bá ti ń lọ sí òpin, sísán àárá a máa pọ̀ ju òjò lọ. Ìrì a nípọn lórí koríko. Lọ́jọ́ kan, láìròtẹ́lẹ̀, lékeléke a tò kọjá lójú sánmà, funfun nini, àwọn ọmọ a sì yọ sí gbangba pẹ̀lú ọwọ́ sókè, wọn a máa ju ìka wọn sí wọn kí wọ́n lè bun èékánná wọn ní funfun. Lẹ́yìn náà wọn a kó ara wọn jọ, wọn a máa yẹ èékánná wò, ìjà a sì bẹ̀rẹ̀ lórí ti ẹni tí ó funfun jù. Bàbá àgbà tí ó jókòó ti pẹpẹ kòkó kò gbé ojú sókè. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un sẹ́bàá etí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àpò wá.